Ọkùnrin Tó Pe Ara Rẹ̀ ní Ẹrú Mi

Ìta-Jẹ̀bú, Sàkẹ́tẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Òkúdù, ọdún 1963.

Geneviève, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ìdí igi ọsàn ẹnu ọ̀nà wa, níbi tí mo jókòó sí. Mo gbà pé ara rẹ le, àti pé iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn tí ò ń kọ́ ní Àjàṣẹ́ kò tíì mú ọ gbàgbé oúnjẹ. Ara tèmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí díẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò sì tíì dákẹ́.

O ní kí n kọ̀wé sí ọ bóyá màá gba Cyprien ní àna tàbí n kò ní gbà á. Fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò rìn tààrà.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá kí wa láti Pọ̀bẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó sì jẹun bí ọmọ ilé. Ìgbà tó ń lọ ló bà á jẹ́. Ó gun mòbílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ju ọwọ́ sókè, ó ní, "Ciao, Bàbá!" Èmi Ládiípọ̀! Lójú Ìyá Suzanne aládùúgbò wa, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sùn! Mo wọlé, mo sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti parí. Ó ní bóyá àdúrà ni ọmọ náà ṣe fún mi. Mo ní àdúrà wo ni wọ́n ń ṣe lórí mòbílẹ́ẹ̀tì?

Síbẹ̀, àgbà kì í dájọ́ láìwádìí. Lẹ́yìn ìsìn, mo bi àlùfáà Alphonse, tó gbọ́ èdè Látìnì bí ẹní mumi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èdè àwọn ará Ítálì ni, pé ìlú wọn kan wà lórí omi bíi Gànvié wa níbí. Láyé àtijọ́, bí àwọn ará ìlú náà bá pàdé, wọ́n á ní, "Ẹrú yín ni mo jẹ́." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹrú yìí, inú Látìnì ló ti wá, sclavus. Orúkọ ẹ̀yà kan ni tẹ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú ṣáá títí orúkọ wọn fi di orúkọ ẹrú. Ẹnu wá ń gé ìkíni náà kúrú, bí àwa náà ṣe sọ "ẹ kú àárọ̀" di "ẹ káàárọ̀", títí ó fi ku ciao. Wọ́n ń fi kíni bí wọ́n bá dé, wọ́n sì ń fi dágbére bí wọ́n bá ń lọ. Ọ̀dọ̀ Mùsíọ̀ Dino ni Cyprien ti kọ́ ọ, ará Ítálì tó wá to ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo ní Pọ̀bẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹrú mi! Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ọkùnrin kan ti tún ń wá ọ̀gá. Mo ní màá kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Mo ránṣẹ́ sí i pé kí ó gbé ọkọ́ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, koríko ti bo àgbàdo ọ̀gá rẹ̀.

Ó wá, ṣùgbọ́n kò dá wá. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú ọkọ́. Mùsíọ̀ Dino wà láàárín wọn, ó dé akẹtẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá rí ní ciao. Mo ní nínú ara mi pé eléyìí ti di ẹrú gbogbo Ìta-Jẹ̀bú. Wọ́n ń roko, wọ́n ń kọrin. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ dé nínú ìkòkò ńlá, n kò sì bi í ìgbà tó sè é. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. "Bàbá Geneviève, ẹ kú oríire! Àna yín mà mọ oko ro o!"

Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Nílẹ̀ wa níbí, ta ní ń kó ọ̀rẹ́ wá roko bàbá ọmọge, tí ìyá ọmọge ń gbé oúnjẹ fún? Ọ̀wẹ̀ àna ni! Mo ránṣẹ́ pe ẹrú, àna ló dé, gbogbo ìlú sì ti ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyá rẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ránṣẹ́, ó kàn panu mọ́ ni.

Mo ṣì lè lé wọn, ọmọ mi. Mo ti dìde. Ni mo bá rí Cyprien tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí poro, tí òógùn bo gbogbo ara rẹ̀, omi sì lé sí mi lójú. N kò sọ èyí fún ọ rí: okùn ni wọ́n fi fa bàbá tó bí bàbá mi wọ Sàkẹ́tẹ́ nígbà ogun. Ẹrú ni. Ilẹ̀ yìí gan-an ló ro fún olówó rẹ̀, títí olówó rẹ̀ fi fún un ní ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ibẹ̀ ni èmi àti ìwọ ti wá. A kì í sọ ọ́ nínú ilé wa, ojú ń tì wá. Ṣùgbọ́n bí olówó rẹ̀ bá ti lé e dànù, ta ni ì bá máa jẹ́ Ládiípọ̀ lónìí? Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Mo jókòó padà, mo ní kí wọ́n bu omi fún wọn mu.

Nítorí náà, sọ fún Cyprien pé kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀ wá tọrọ rẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé yín tutù, kí ọwọ́ rẹ tó ń wo aláìsàn má ṣe àìsàn, kí o bí ọmọ tí yóò gbé wa sin.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ dé ọkàn,
Ládiípọ̀.

Mo tún rántí: nígbà tí wọ́n ṣàlàyé àṣà wa fún Mùsíọ̀ Dino, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó ní òun náà mà roko, ìyàwó tòun dà? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Tàǹtí rẹ Félicité, àbúrò mi tó ti ń dá gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí pé ìgbà wo ni koríko tún máa hù.