Omi Tí Mò Ń Dà Nù

Yàrá Ìwádìí Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mi ò lè béèrè bóyá ara yín le, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kàn kí yín: ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àárò wa. Màmá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Àkọ́bí yín ti padà sílé ìwé. Bàtà yín ló wọ̀ lọ, ó ní kò tóbi jù. Ó tóbi jù.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀sìn yín ni mo fẹ́ sọ, kòkòrò àìfojúrí méjèèjì tí ẹ ń sìn pọ̀ nínú ìgò kan, tí ẹ sọ ọ̀kan ní Ìyálé, ẹ sọ èkejì ní Ìyàwó. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, èmi ni mò ń gbé wọn láti ìgò àná sínú omi oúnjẹ tuntun láago mẹ́jọ àárọ̀. Mo sì ń ta díẹ̀ sórí àwo, kí n lè ka àmì funfun Ìyálé àti àmì pupa Ìyàwó tó bá hù níbẹ̀. Nínú ìwé iṣẹ́ yín, àmì pupa kì í dín ní igba. Lọ́sẹ̀ kẹta tèmi, mẹ́sàn-án péré ni mo rí.

Oníṣirò yàrá wa ní, “Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ tipẹ́. Orogún ni wọ́n, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń dù. Ìṣirò mi ti ní Ìyàwó á kẹ́rù.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyálé ló ń bọ́ ọ, sà.”

“Ìyálé wo ló ń bọ́ ìyàwó láyé yìí?”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú. Ọ̀gá ní bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí Ìyàwó kò gbérí, ká se gbogbo ìgò náà pa, òun á sì kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àṣìṣe ni ohun tí ẹ rí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin!

Mo jókòó ti ìwé yín, mo ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo dé ibi tí ẹ ti kọ bí ẹ ṣe ń gbé wọn sínú omi tuntun: “ẹ̀kán kan, tòun tomi rẹ̀.” Ẹ̀yin lẹ kúkú sọ mí ní Afínjú. Kí n tó gbé wọn sínú omi tuntun, mo máa ń fi ẹ̀rọ yí wọn títí wọ́n á fi silẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò, mo máa ń da omi àná nù, màá tún ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Àṣé nínú ohun tí Ìyálé ń yà sómi ni Ìyàwó ti ń jẹun!

Mo sẹ́ omi àná Ìyálé títí kò fi ku ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú rẹ̀, mo sì fi Ìyàwó nìkan sí i. Ìgò mẹ́ta. Mo tún fi Ìyàwó nìkan sínú omi tuntun, ìgò mẹ́ta. Lórí àwo ti omi tuntun, kò sí èyí tó pé ogún. Ti omi àná, gbogbo wọn lé ní igba.

Mo gbé àwo náà síwájú Oníṣirò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Afínjú, ìwọ lò ń pa á.”

“Èmi ni, sà.”

Ó fa ìlà kan kún ìṣirò rẹ̀, fún ohun tí ọ̀kan ń fi sílẹ̀ fún èkejì. Ó ní tí mi ò bá fọ̀ wọ́n mọ́, igba ó lé mẹ́wàá la máa kà lọ́jọ́ Jímọ̀. Igba ó lé mẹ́rin la kà.

Ọ̀gá ò kọ àṣìṣe kankan sínú ìwé yín. Ó ní kí n ṣe é fún ọgbọ̀n ọjọ́ sí i kí òun tó gbà tán. Ọgbọ̀n ọjọ́ ò pọ̀ lójú mi. Ibi tí ẹ kọ̀wé dé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ tèmi, lójú ewé kan náà.

Màmá kí yín. Oníṣirò náà kí yín, ó ní ẹ má bínú. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la, màá gbé ẹ̀kán kan sínú omi tuntun, tòun tomi rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Afínjú.