Kámẹ́rà Tó Wọ́n Tó Ọ̀kadà

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Ore. Ara wa le. Kòkó ti ń pọ́n, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti ń bá wa jẹ nínú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Bọ̀dá Ṣọlá ló ń bójú tó oko yín ní Omifunfun báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, tí ẹ ó kọ́kọ́ kí àwọn igi kòkó bí ẹni ń kí ará ilé, kí ẹ tó wọlé. Òun náà ti ń kí wọn. Kò fẹ́ kí a mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló mú mi kọ̀wé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò, tí mo sọ iye tí wọ́n ń ta kámẹ́rà dìjítà fún yín, ẹ ṣí fìlà, ẹ fi fẹ́ ara yín, ẹ ní kí ló wà nínú ike kékeré yìí tó fi wọ́n tó ọ̀kadà? Mi ò mọ èsì rẹ̀ nígbà náà. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ ò sì sí nílé tí mo lè sọ ọ́ fún yín.

Kámẹ́rà tòkúnbọ̀ tí ẹ bá mi rà yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó kan ní Odigbo. Ìyàwó ń jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ ẹ́, kò dún. Mo tún un tẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú. Fóònù ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ gbogbo àlejò ló ní fóònù lọ́wọ́. Bàbá ìyàwó ò bínú, ó kàn ń wò mí ni. Ìyẹn dùn mí ju kó bínú lọ.

Nígbà tí a ta kòkó, tí Bọ̀dá fún mi ní ìpín tèmi, mo ní kámẹ́rà ni màá fi rà. Ẹ mọ ọmọ yín. Inú bí i.

“A ò tíì ra oògùn kòkó, ìwọ fẹ́ lọ ra ohun tí kò lè gbé ènìyàn láti ibí dé Ago Alaye?”

“Bọ̀dá, iṣẹ́ mi ni.”

“Gbogbo ayé ló ń fi fóònù ya fọ́tò. Ta ni yóò tún pè ọ́?”

Ó bá tirẹ̀ lọ, a ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo lọ sí Àkúrẹ́. Mo bi obìnrin tó ń ta kámẹ́rà níbẹ̀ ní ìbéèrè yín, bí ẹ ṣe bi mí gan-an. Ó tú awò iwájú kámẹ́rà kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Ó ní dígí inú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pọ̀, wọ́n to ara wọn tẹ̀ léra, wọ́n sì ti lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dán. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, fọ́tò dàrú. Lẹ́yìn awò ni ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, eruku ò gbọdọ̀ wọlé, torí èyí tí eruku bá bà lé, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Bàbá, ẹ̀yin ni mo rántí, lórí ìjókòó yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ẹ sá kòkó sí, tí ẹ ń ṣa èyí tó bu kúrò, tí ẹni tó fẹ́ rà á ń pariwo pé ó ti wọ́n jù.

Obìnrin náà ní nígbà tí àwọn tó ń ra kámẹ́rà pọ̀, ìnáwó náà ń pín káàkiri. Fóònù ti kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló ń ru gbogbo ẹrù. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, àti dọ́là tí náírà wa ò lè bá sáré. Nígbà tó dé orí dọ́là, àwa méjèèjì kàn mí kanlẹ̀ ni.

Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn? Àbí ẹ ṣì ń mi orí? Mo rà á.

Màmá ló kọ́kọ́ ní kí n ya òun. Inú fóònù ni a ti yọ fọ́tò tí a fi ṣe ìsìnkú yín. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ojú yín rí bàìbàì bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Ẹ̀yin náà lẹ fà á, bí mo bá ní kí n yà yín, ẹ máa ń ní kí n jẹ́ kí ẹ wẹ̀ ná. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ ti sùn lọ.

“Yà mí kí ojú mi hàn,” Màmá ní. “Má jẹ̀ẹ́ kó rí bíi ti bàbá yín.”

Oko ẹ̀gẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé ìdáná, oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà á lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Bọ̀dá dé bá wa níbẹ̀. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Màmá ní kó wá wo bí òun ṣe rẹwà. Ó gba kámẹ́rà, mo fi bí wọ́n ṣe ń sọ fọ́tò di ńlá hàn án. Ó ń fẹ̀ ẹ́ títí ó fi ku ojú Màmá nìkan. Ó sún un dé ọwọ́ Màmá, níbi tí àwọn ìka ti ká kò, tí awọ ti fẹ́lẹ́ bíi bébà tí omi kàn. Ojoojúmọ́ la ń rí obìnrin yìí, Bàbá. Nígbà tó yá, Bọ̀dá ní, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀:

“Ṣé bí Màmá ṣe darúgbó tó rèé?”

Èmi náà ò mọ̀, èmi tí mo yà á. Ṣé ẹ̀yin ti rí i kí ẹ tó lọ? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gba agbọ̀n lórí rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, tí àwa ń rò pé eré ìfẹ́ lẹ ń ṣe?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wá àdá rẹ̀ títí, kò rí i. Bọ̀dá ti gbé e lọ. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ ti di tòun, kí Màmá jókòó. Màmá jà, ó ní òun ò tíì kú. Bọ̀dá kàn ń dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, mà,” ó sì ń bá oko rẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, tó ní ṣé mo ti jẹun. Bí a ṣe parí ìjà nìyẹn.

Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Màmá wà níta, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń bú Bọ̀dá. Ohùn rẹ̀ ṣì ń dún ketekete. Mo mọ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì pè é. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.