Ohùn Màmá Bá Kọ̀ǹpútà Lọ

Àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ Bàbá tó wú ti lọ sílẹ̀.

Inú ń bí mi! Kọ̀ǹpútà ilé ti kú, ohùn Màmá wa olóògbé tá a gbà sílẹ̀ ti bá a lọ. O ní kí àbúrò rẹ, Mo-mọ̀-ọ́n-tán, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ló ṣe é sí! Ṣé inú àpótí lèèyàn ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí sí?

Mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ nígbà àìsàn Màmá, o ò tilẹ̀ fèsì. Wá a, fi ránṣẹ́ padà. Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Tó ò bá tíì gbọ́ ọ, jókòó kó o tó ṣí i. Ìwọ ni Màmá ń pè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin