Ìlà Méjèèjì Kò Gbọdọ̀ Kan Ara Wọn

Imoru,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́.

Tijésùnimí ọmọ mi,

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn tó yẹ kí n kí, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ ni yóò gbọ́ lẹ́tà yìí, mo sì fẹ́ kí o dìde dúró kí o kà á sókè. Mo kí bàbá onílé yín ní Ìbàdàn, àgbàlagbà tó fi òrùlé bo ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ọlọ́run fi ìlera bo àwọn náà. Mo kí ìyàwó wọn, tí o sọ pé wọ́n máa ń bu ọbẹ̀ fún ọ láìjẹ́ pé o tọrọ. Mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, bó bá ṣe pé wọ́n yà sílé lọ́jọ́ náà. Mo kí Ummusalamah tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé, tó kí mi lórí fóònù títí káàdì rẹ̀ fi tán. Mo kí àwọn ayálégbé yòókù bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀léra. Mi ò mọ èyí tó ṣíwájú nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni mo wá kí ìwọ, ọmọ tí mo fi ń yangàn. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, pé o sì ń jẹun àárọ̀.

Yorùbá ilé ìwé ni mo fi kọ ọ́, kì í ṣe ti ẹnu wa nílé, kí àwọn ará Ìbàdàn lè gbádùn rẹ̀. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́, nítorí ńṣe ni fóònù Imoru máa ń gé ọ̀rọ̀ àgbà sí méjì, ìdajì tí kò dára ló sì máa ń fi ránṣẹ́.

Ilé kò burú. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ewúrẹ́ wa bí méjì, kòkó ọdún yìí sì so débi tí ẹni tó ń kọjá lọ fi ń dúró wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti sú mi pátápátá, ìwọ lo sì fi làákàyè rẹ dá a sílẹ̀, ìwọ náà ni yóò sì wá parí rẹ̀.

O rántí pé nígbà tí o wá ní Kérésìmesì, o bi mí pé kí ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ oko. Mo sọ méjì fún ọ. Mo ní èkíní ni ààlà oko èmi àti ti Christopher, nítorí pé bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ló jọ gbin pèrègún síbẹ̀, pèrègún náà sì ti kú níbì kan, ó sì ti hù níbi tí a kò gbìn ín sí, débi pé kòkó tèmi àti tirẹ̀ ti wọnú ara wọn. Mo ní èkejì ni òjò tó máa ń yọ́ wá bá kòkó lórí ẹní nígbà tí gbogbo wa bá wà lẹ́yìnkùlé, tí a kò ní mọ̀ títí yóò fi rin gbingbin. O ní kí n fi sílẹ̀ fún ọ. O tún wá ṣàlàyé pé bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, eré ìdárayá tìrẹ ni kí o máa ya ọ̀nà tí iná yóò gbà sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi bàbà tẹ̀ ẹ́ sára pátákó kékeré, kí ìwọ fúnra rẹ sì fi òjé gbígbóná jó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Mo yìn ọ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ báyìí pé n kò mọ ohun tí mo ń yìn.

Nígbà tí awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀wọ̀ wá fi ẹrù rẹ lé mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, tí mo tú u, mo rí ìwé fífẹ̀ kan tí o fa ìlà sí, àti pátákó aláwọ̀ ewé kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí ìlà kan náà wà lára rẹ̀ bíi wúrà, tó sì ní bátìrì pẹlẹbẹ kan bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù lẹ́yìn. Mo wo ìwé náà. Mo rí ìlà méjì tó wọnú ara wọn bí eyín òòyà méjì tí a kì bọ ara wọn, gẹ́lẹ́ bí kòkó èmi àti ti Christopher ṣe rí. Mo rí R kìíní, R kejì, R kẹta, irú àmì tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń kọ sára òpó sìmẹ́ńtì. Mo rí àpótí dúdú kan tó jókòó sápá òsì bí ahéré. Nísàlẹ̀ pátápátá, o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ìlà méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Omi bọ́ lójú mi, ọmọ mi. Kíá ni mo mọ èyí tí o mú nínú ohun méjì tí mo sọ fún ọ, nítorí ta ni yóò rí nǹkan kan ṣe sí ọ̀rọ̀ òjò?

Mo gbé ìwé náà lọ bá Kàmál tó ń kan férémù láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ọmọlúàbí ọkùnrin, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Ó yí ìwé náà padà, ó ní ọmọ mi kọ nǹkan tó gùn sẹ́yìn rẹ̀, pé òun rí òjò níbẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ṣé n kò ní kà á kí òun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Mo ní kó máa lẹ̀ ẹ́ lọ, pé ọmọ mi kì í kọ̀wé kó má fi àdúrà parí rẹ̀, pé òjò ìbùkún ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní ṣé òun ló bí i ni àbí èmi. Ó lẹ̀ ẹ́ gírígírí, ó sì fi gíláàsì bò ó.

Christopher ni mo kọ́kọ́ fi hàn, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ènìyàn pẹ̀lẹ́ sì ni, àfi bó bá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní kí ló dé tí ahéré mi fi wà nínú oko òun. Mo ní ahéré tirẹ̀ ni. Ó ní ahéré tòun kì í ṣe dúdú. Ló bá dorí férémù kodò, ahéré bọ́ sápá ọ̀dọ̀ mi, ó ní ẹ wò ó, bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, pé èmi ni mo ń wo ìwé ní ìdorí kodò. Mo ní ìwé tí ọmọ mi kọ lẹ́tà sí nísàlẹ̀, ṣé ìsàlẹ̀ ni yóò di òkè ni. Ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n Ìbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ìdí. Ó ní bí mo bá fẹ́ jẹ ilẹ̀ òun, kí n má fi ọmọ tí òun gbé pọ̀n ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ ni pé ó gbé ọ pọ̀n.

Bí a ṣe dé iwájú Olóyè Ògúnrẹ̀mí nìyẹn, lábẹ́ sánmà gbangba nínú àgbàlá wọn, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, tí àwọn àgbà àdúgbò pé pérépéré. Ìyá rẹ náà wá, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi yóò sọ; ẹní kòkó mẹ́ta la sì sá sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé. N kò ní yin ara mi, ṣùgbọ́n mo kí wọn dáadáa, láti orí Olóyè títí dé orí ẹni tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé férémù ró. Mo wá gbé pátákó kékeré náà sórí aṣọ funfun níwájú wọn, mo ní èdìdì àwòrán náà nìyí, bàbà gidi, pé ẹni tó bá fẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn yìn ọ́, wọ́n ní ọmọ tí a rán níwèé tó sì mọ ìwé ni ọ́.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán tótó ni. Ọmọ mi, pátákó náà ké. Mo ní ó ké! Ó ké fíì, fíì, fíì, bí ọmọ ẹyẹ tí ejò wọ ìtẹ́ rẹ̀. Olóyè ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà. A dúró, òjò ń pa wá, kò sẹ́ni tó lè ṣíwájú Olóyè kúrò. Christopher bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí bùbá rẹ̀ nù ún, pátákó náà dákẹ́. Christopher nà ró, ó ní ṣé ẹ rí i, pé nǹkan náà mọ olówó rẹ̀. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi tún ké. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo fi etí agbádá mi nù ún, ó dákẹ́, mo ní ṣé ẹ rí i, ló bá tún ké mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó yá, Olóyè fi fìlà wọn bò ó. Ó ké díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́ lọ gbáà, kò tún ṣe bí ẹni fẹ́ ké mọ́. Ẹnì kan wá sọ lẹ́yìn pé ó jọ pé Olóyè gan-an ni ilẹ̀ náà ń wá. Mo wojú Olóyè pé wọn yóò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ tí wọ́n dá nìyí. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ti sọ pé ìlà méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn, kí a la àárín oko méjèèjì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá láti òpópónà títí dé odò, kí a gé gbogbo kòkó àti pèrègún tó bá wà níbẹ̀, kí àárín náà sì wà lábẹ́ àbójútó Olóyè. Kòkó tí bàbá mi gbìn, tí bàbá Christopher bá a gbẹ́ ihò rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ gé. Satidé tó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Pátákó rẹ ṣì wà lábẹ́ fìlà ní yàrá Olóyè. Wọ́n ní kò ké mọ́ láti ọjọ́ náà, pé àmì àlàáfíà ni.

Nígbà tí a sáré délé, omi ti ń ṣàn lábẹ́ kòkó wa. Ẹní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Christopher tó ti búra pé òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ló bá mi gbá a wọlé, tó sì ń kùn pé ká ní ẹnì kan lè kígbe fún wa pé òjò dé ni, a kì bá tí pàdánù. Mo ní ta ni ì bá kígbe, nígbà tí gbogbo wa dúró síwájú nǹkan tó ń ké? Ó ní òótọ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹnu kò lé lórí nìyẹn láti oṣù kan.

Ó ti tó gẹ́ẹ́, Tijésùnimí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbèjà àwòrán tí n kò yà. Èmi àti Christopher ti gbà báyìí pé kí ìwọ wá, àní ó ní bó o bá sọ pé ìdí ìwé ni orí rẹ̀, òun yóò gbà, bó o bá sì ní orí ni orí, òun yóò gbà, kí wọ́n má sáà gé kòkó àwọn bàbá wa. Wọkọ̀ Ìbàdàn sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Christopher fúnra rẹ̀ yóò fi ọ̀kadà rẹ̀ wá gbé ọ.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bá mi mú owó tapólì fífẹ̀ kan bọ̀ tí a ó máa fi bo kòkó. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ púpọ̀, ì bá sì wù mí kí o ronú sí nǹkan kékeré kan tí a lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, tí yóò máa pe ènìyàn bí òjò bá ti ń kán. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ohun tó ju agbára ọmọ ènìyàn lọ dà ọ́ láàmú. Tapólì ti tó.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ rìn re, yóò sì mú un padà bọ̀ re. Ọgbọ́n tó fi sí ọ lọ́wọ́ kò ní tán. Ẹni tí yóò mọ rírì iṣẹ́ rẹ yóò wá ọ rí, yóò sì ju bàbá rẹ lọ ní ìmọ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n darí ètò ọjọ́ Satidé, mo sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá gbàdúrà tán, tí mo kí Olóyè, tí mo kí àwọn àgbà, tí mo kí àwọn àlejò, tí mo sì kí Christopher, n kò ní sọ ju èyí lọ: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tó mú àdá wá gbé e sílẹ̀ ná. Ohun tó kàn lórí ètò ni ẹni tó ya àwòrán. Tijésùnimí ọmọ mi, dìde, kí o wá sọ fún wa ohun tí o rán sí wa.