Fàdákà Hester

Àǹtí Glenys wa ní Ọsirélíà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti ń san díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Clive àbúrò yín ti sú mi.

Hester ọmọ wa gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ipò kejì níbi ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin Yúróòpù. A lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì fi han bàbá rẹ̀. Clive ní, "Ta ló wá ṣáájú ẹ?"

Ọmọ náà fèsì pé, "Ọmọ Jámánì kan ni, Dádì. Ẹ lọ mú un wálé kó máa ṣe ọmọ yín." Ló bá wọ bọ́ọ̀sì padà sí Leeds níbi tó ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò pè wá. Clive ní òun ò ní bẹ ọmọ tóun bí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Clive. Tiyín nìkan ló ń gbọ́. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń ké ní etí òkun Cleethorpes nígbà tí omi kan orúnkún rẹ̀, tó sì ti di géńdé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Ìyàwó yín,
Maureen