Ìyẹ́ Àparò Ara Ìbọn Bàbá Kékeré

Ẹ̀jìgbò, Sátidé, ìrọ̀lẹ́, 1954

Mo ṣìṣe lónìí. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, lọ kí èèyàn ní Ìsúndúnrìn, ni mo bá fi kẹrosíìnì nu ìbọn wọn kékeré tí ọta rẹ̀ ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Mo fẹ́ kí inú wọn dùn, kí wọ́n lè kọ́ mi lọ́dẹ. Mo ha ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ àti ìyẹ́ kúrò ní ìdí ìbọn náà, ó ń dán. Nílé ẹ̀kọ́ wa ní Abíjáǹ, níbi tí mo ti wá, ohun tó bá dán ni wọ́n ń yìn.

Wọ́n dé, wọ́n fọwọ́ pa igi ìdí ìbọn náà.

"Akọ̀wé, àparò mi dà?"

"Àparò wo, Bàbá?"

"Èyí tí mo kọ́kọ́ fi í pa. Wọn ò tíì bí ẹ nígbà náà."

Ìyàwó wọn bú sẹ́rìn-ín. "Baálé mi, ẹ ò tọ́jú èmi báyìí rí o!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Mo tú ààtàn tí mo da àwọn ìyẹ́ náà sí títí mo fi rí ìyẹ́ kan ṣoṣo. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bu àtè sí i, wọ́n wá gbé ìbọn náà fún mi.

"Dì í mú dáadáa, kí n lẹ̀ ẹ́."

Wọn ò fi ìbọn náà lé mi lọ́wọ́ rí.