Súwẹ́tà Alápá Kan

Nthatisi, àbúrò mi,

Ṣé ara ọkọ rẹ ti yá? Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara tiwa le, ikọ́ Màmá náà ti lọ. Yìnyín kàn bo gbogbo òkè ni.

Ọ̀rọ̀ Mokhele, ọkọ mi, ni mo fẹ́ sọ. Níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ní, "Obìnrin yìí, òwú lo mọ̀, o ò mọ ìkòkò. Papa àgbàdo tó wà lórí iná tún ti jóná!" Súwẹ́tà tirẹ̀ ni mo sì ń hun lọ́wọ́ o! Mo bá kó abẹ́rẹ́ mi jọ, mo ní, "Ó dáa, bàbá, mo ti di alásè."

Òtútù mú un, ó wọ súwẹ́tà alápá kan lọ sípàdé àwọn darandaran. Ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, atẹ́gùn ṣí i. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ní báyìí, òun ló ń ro papa, kí n lè ráyè hun apá kejì. Kókó inú rẹ̀ tó ẹyin adìyẹ. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó kọrí síta. Ọkùnrin ẹlẹ́nu gbọọrọ!

Jọ̀ọ́, fi òwú pupa ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Má sì sọ fún Mokhele o: apá kejì ti parí tipẹ́, ó wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Ọjọ́ tí papa rẹ̀ ò bá ní kókó mọ́ ni yóò rí i.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
'Malineo